Kí Ẹ Tó Wọṣọ fún Ẹ̀rọ Ìta, Ẹ Lé Omi Inú Rẹ̀ Jáde

Ẹ̀gbọ́n Onípáìpù ń dá yín lóhùn

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà yín ti ń wọlé lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ẹ̀rọ omi ìta àti òtútù tó ń bọ̀. Mo ṣa márùn-ún nínú wọn. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ níbí, kó fara balẹ̀ ka ìdáhùn àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni mo kó ẹrù tó wúwo jù sí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí a máa lò nínú ilé tiwa ló ń bọ̀ yìí. Ẹ̀rọ omi kan wà lára ògiri lẹ́yìnkùlé, òun ni mo fi ń bomi rin òdòdó, òun náà ni ọkọ mi fi ń fọ mọ́tò. Àwọn aládùúgbò ní kí a tètè wá nǹkan ṣe sí i, pé yóò bẹ́. Mo ti ra fóòmù tí wọ́n fi ń bò ó, mo sì ti fi àkísà méjì wé ọrùn rẹ̀. Ọkọ mi ní ó ti tó. Ṣé lóòótọ́ ló tó? (Ìyàwó Onílé Tuntun)

Ìdáhùn: Ìyàwó Onílé Tuntun, ẹ kú oríire ilé. Kò tíì tó. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀, kí ó má di ìjà lọ́ọ̀dẹ̀ yín.

Aṣọ òtútù tí à ń wọ̀ kò ní ooru kankan nínú. Ooru ara wa ló ń dì mú kó má sá lọ. Ẹ wá sọ fún mi, ooru wo ló wà lára irin tó dá dúró síta lóru? Bí ẹ da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo òkúta títí ilẹ̀ fi mọ́, òkúta náà kò ní móoru. Fóòmù yín kàn ń dá òtútù dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí òtútù bá mú fún wákàtí mélòó kan, tí oòrùn sì tètè yọ, ó lè gbà yín. Bí ó bá fi ọjọ́ mẹ́ta mú láì sinmi, omi inú ẹ̀rọ á dì bí ẹni pé ẹ ò bò ó rárá. Àkísà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òjò bá ti pa á lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti fi aṣọ tútù wé irin tútù nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tí omi ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó bá dì máa ń sún kì. Omi ní tirẹ̀ ń wú. Bí ó bá ti dé òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius tó sì di yìnyín, á fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti gbàgbé ìgò omi tó kún dẹ́nu sínú fírísà rí ti mọ ohun tí mò ń sọ.

Àmọ́ o, ibi tí yìnyín ti kọ́kọ́ dì kọ́ ló sábà ń bẹ́. Yìnyín á ṣe bí ìdérí, á dí páìpù pa lójú kan. Omi tó wà láàárín ìdérí yẹn àti ẹnu ẹ̀rọ tí ẹ ti tì pa ti há nìyẹn, kò ríwá kò rẹ́yìn. Bí yìnyín ti ń gùn sí i ló ń ti omi náà, omi kì í sì í ṣe ohun tó ṣeé fún kó kéré. Ohun tó kàn ni kí páìpù gbà fún un. Mo ti gé páìpù bàbà tó bẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò lára ògiri lọ́pọ̀ ìgbà. Á kọ́kọ́ wú lójú kan bí ikùn ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé eku mì, lẹ́yìn náà á là gbọọrọ, bàbà á sì yí ètè síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ojú ibi tó là kì í fẹ̀ ju kí owó ẹyọ kọjá lọ. Ó tó láti fi omi kún ilé.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé lọ́jọ́ tó bẹ́ gan-an, ẹ ò ní mọ̀. Yìnyín tó là á náà ló tún dí i. Ọjọ́ tí ara ilẹ̀ bá yá, tí gbogbo yín ń yọ̀ pé òtútù ti lọ, ọjọ́ náà ni omi á bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Nítorí náà, iṣẹ́ wa kì í ṣe pé ká bo omi. Ká lé e jáde ni.

Ẹ kọ́kọ́ yọ họ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Kí ẹ wá wọ inú ilé, kí ẹ dúró sẹ́yìn ògiri tí ẹ̀rọ yẹn wà, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì tẹ̀lé páìpù. Ó lè gba abẹ́ síǹkì, ó lè gba yàrá ìfọṣọ, ó lè gba abẹ́ àtẹ̀gùn tàbí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ó yẹ kí fáàfù kan wà lójú ọ̀nà rẹ̀ tó ń dá omi ẹ̀rọ ìta nìkan dúró. Bí orí rẹ̀ bá rí roboto, ẹ yí i sọ́wọ́ ọ̀tún títí kò fi lọ mọ́. Bí ó bá ní ọwọ́ pẹrẹsẹ kan, nígbà tí ọwọ́ náà bá bá páìpù lọ ni omi ń kọjá, nígbà tí ó bá dábùú páìpù ló tì. Irú kẹta kéré, kò lọ́wọ́ kò lórí, ojú súkúrú kan ló ní: ojú yẹn náà, bí ó bá bá páìpù lọ ó ṣí, bí ó bá dábùú ó tì. Ẹ fi súkúrúdíráfà yí i díẹ̀, kò ju ìdá mẹ́rin àyíká lọ.

Bí fáàfù bá le, ẹ má fi puláyà bá a jà. Orí irin àárín rẹ̀ lè kán mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó sì wá ọ̀ràn tí ẹ ò ní tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí mo ti kán ọ̀kan rí nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Omi tú sí mi lójú títí ọ̀gá mi fi sáré lọ ti fáàfù ńlá gbogbo ilé. Kò bú mi. Ó kàn gbé ìgbálẹ̀ àti korobá fún mi.

Ó dáa, ẹ ti ti fáàfù. Ẹ jáde lọ ṣí ẹ̀rọ ìta dé òpin. Omi á dà, á fà tẹ́ẹ́rẹ́, á dáwọ́ dúró. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń gbọn ọwọ́ wọn nù tí wọ́n ń lọ jókòó, bẹ́ẹ̀ omi ṣì wà nínú páìpù. Ẹ rántí bí a ṣe ń fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi mu: bí ẹ bá fi ìka dí òkè rẹ̀, omi ò ní já bọ́ bí ẹ tilẹ̀ gbé e sókè. Atẹ́gùn ni kò rí ọ̀nà wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù yín ṣe rí pẹ̀lú fáàfù tí ẹ ti pa lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ padà sínú ilé. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ fáàfù, lápá ibi tí omi ń gbà lọ síta. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí ìdérí kékeré kan, kò ju èyí tó wà lórí fáàfù táyà mọ́tò lọ. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tú u jẹ́jẹ́. Ẹ ó gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń wọlé, bíi ẹni tó fa èémí, omi á sì dà síta lọ́hùn-ún tàbí sínú abọ́ yín, èyí wà lọ́wọ́ apá ibi tí páìpù dagun sí. Èyí tí mo gbà nílé oníbàárà kan kún abọ́ dáadáa, lẹ́yìn tí baálé ilé ti búra pé òun ti fa gbogbo ẹ̀ tán. Bí kò bá kán mọ́, ẹ dé ìdérí náà padà. Bí fáàfù kan tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn bá tún wà lójú ọ̀nà, omi lè há sínú ìyẹn náà. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá òun náà ní ibi tí a ti ń fa omi rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìta ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí títí ìgbà òtútù á fi parí. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín á máa yún yín láti tì í. Ẹ má tì í. Ìwọ̀nba omi tó bá ṣẹ́ kù á ríbi wú sí. Èkejì ni pé ó di olófòófó fún yín: bí fáàfù inú ilé kò bá tì dáadáa, tí wáṣà rẹ̀, ìyẹn rọ́bà kékeré inú rẹ̀ tó ń dá omi dúró, ti jẹ, omi á máa kán lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ ó sì rí i kí òtútù tó dé. Ẹ̀rọ tí ẹ bá tì á bá a bo àṣírí yẹn títí yóò fi bẹ́.

Ohun kan tún kù. Ibi tó móoru ló yẹ kí fáàfù tí ẹ tì wà. Bí ó bá wà nínú gáréèjì tí òtútù ń wọ̀, ẹ kàn sún ìṣòro láti ìta sí gáréèjì ni, ẹ wá fáàfù tó ṣáájú rẹ̀, lápá ibi tí omi ti ń bọ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wá gbé fóòmù yín dé e. Kò burú. Ẹ ká àkísà wọ̀nyẹn kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, irú ẹ̀rọ tí wọ́n ní òtútù kì í bà jẹ́ ni wọ́n fi sí ilé wa. Ẹni tó fi í sí i ní a ò nílò láti ṣe ohunkóhun sí i. Síbẹ̀, ó bẹ́ sínú ògiri. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa? (Bàbá Ìbejì)

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, kí a tó na ìka sí ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ṣé họ́ọ̀sì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí òtútù dé?

Mo bi yín nítorí ohun tó ṣe èmi alára. Irú ẹ̀rọ yẹn ni mo fi sí ilé mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi fi í. Mo ti ń fi í sí ilé onílé fún ọdún pípẹ́, mo sì ń sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n yọ họ́ọ̀sì. Lọ́dún yẹn, èmi fọ mọ́tò lọ́jọ́ kan tí oòrùn ràn, mo fún ẹnu họ́ọ̀sì pa, mo ká a sára ògiri, mo ní màá yọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la yẹn ò dé. Òtútù kọjá, mo jáde lọ fọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ. Omi jáde lẹ́nu rẹ̀, kò lágbára tó bó ṣe yẹ, n kò kà á sí. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi láti inú ilé: "Bàbá Tóyìn! Ẹ wá o, ògiri ń sunkún!" Páálí ìwé mẹ́rin tí a kó sí abẹ́ àtẹ̀gùn ti rin gbingbin. Di òní, bí oníbàárà bá pè mí nítorí ẹ̀rọ tó bẹ́, ìyàwó mi á ní, "Ẹ bi wọ́n bóyá àwọn náà gbàgbé họ́ọ̀sì."

Bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé orí tí à ń yí wà níta, ṣùgbọ́n wáṣà tó ń dá omi dúró wà ní ìdí ọ̀pá gígùn kan, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30 nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ilé ti móoru. Bí ẹ bá tì í, ìwọ̀nba omi tó wà nínú ọ̀pá yẹn á ṣàn jáde lẹ́nu ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tì í tí ó ṣì ń kán fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Họ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ní jẹ́ kí omi yẹn jáde. Á dì sínú ọ̀pá, ọ̀pá á là nínú ògiri. Níwọ̀n bí ibi tó là ti wà níwájú wáṣà, kò ní jò níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá tì í. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i ni ògiri á gba omi.

Bí kò bá jẹ́ họ́ọ̀sì, ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e sí. Ó yẹ kó dagun díẹ̀ síta. Bí ó bá dagun sínú, omi á jókòó sínú ọ̀pá láì sí họ́ọ̀sì kankan, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó fi í.

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ káàsán sà. Yàrá ìsàlẹ̀ ni mo gbà nínú ilé onílé. Ẹ̀rọ ìta kan wà lẹ́nu ọ̀nà mi, mi ò rí fáàfù rẹ̀ níbikíbi. Onílé ní kí n máa ṣí i díẹ̀ kó máa kán lóru. Ṣé lóòótọ́ ni omi tó ń kán kì í dì? (Akẹ́kọ̀ọ́)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Omi tó ń lọ máa ń pẹ́ kó tó dì, nítorí èyí tó ń bọ̀ láti inú ilẹ̀ móoru ju afẹ́fẹ́ ìta lọ. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá sì ṣí, omi tó há ríbi sá gbà. Àmọ́ ẹ̀rọ inú ilé ni ọgbọ́n yẹn bá mu. Ti ìta, ẹ̀kán tó bá bọ́ sílẹ̀ á dì níbẹ̀, òmíràn á dì lé e, lọ́jọ́ tí òtútù bá mú gan-an, yìnyín á ga láti ilẹ̀ títí á fi fẹ́nu ko ẹ̀rọ lẹ́nu. Ó dí i pa nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà rẹ lo sì ní ó wà. Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ yọ̀ ṣubú láàárọ̀.

Padà lọ bá onílé, má bá a jiyàn, kàn ní kó fi fáàfù ńlá ilé hàn ọ́, kó sì bá ọ wá fáàfù ti ẹ̀rọ yìí. Ó lè wà nínú yàrá ẹlòmíràn. Bí kò bá sí rárá, kí ó jẹ́ kí púlọ́mbà fi ọ̀kan sí i, iṣẹ́ tí kì í gba ọjọ́ kan ni. Kó tó ṣe é, yọ họ́ọ̀sì, fi fóòmù gbígbẹ bo ẹ̀rọ láti ìdí dé ẹnu, fi ọ̀rá wé e lókè kí omi má wọ̀ ọ́, kí o sì dí àlàfo ibi tí páìpù ti wọ ògiri. Mo mọ̀ pé mo ti bú fóòmù lókè. Níbi tí a kò ti rí ohun tó dára jù ú lọ, òun la máa lò.

Wáyà kan tún wà tó ń móoru, tí wọ́n ń tẹ́ mọ́ ara páìpù. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Má jẹ́ kó gorí ara rẹ̀ níbi kankan, má sì fi àkísà wé e, nítorí bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń ṣẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ mi ti dì báyìí tí mò ń kọ̀wé. Àbúrò mi ní iná gáàsì tó fi ń jó irin, ó ní ìṣẹ́jú méjì ni òun á fi yọ́ ọ. (Ọ̀rọ̀ Kánjúkánjú)

Ìdáhùn: Gba iná náà lọ́wọ́ rẹ̀. Igi àti fóòmù tó wà nínú ògiri lè gbiná láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, òjé tí wọ́n fi jó páìpù pọ̀ náà á sì yọ́. Mi ò fẹ́ omi gbígbóná tó ń hó lórí rẹ̀ pẹ̀lú.

Kọ́kọ́ ti fáàfù inú ilé pa, torí ẹ ò tíì mọ̀ bóyá páìpù ti là. Ṣí ẹ̀rọ. Ki táwẹ́lì bọ omi tó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, fi wé ẹnu ẹ̀rọ, máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù. Láti ẹnu ẹ̀rọ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o máa lọ sápá ògiri, kí èyí tó bá yọ́ lè rí ọ̀nà jáde. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, omi tó yọ́ á há sáàárín yìnyín méjì, ohun tí à ń sá fún gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun dára pẹ̀lú, bí ilẹ̀ ibi tó o dúró sí bá gbẹ. Ó lè gba wákàtí kan. Bí ó bá ti yọ́ tán, kí ẹnì kan dúró sínú ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kó tó di pé o ṣí fáàfù padà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo fa omi tèmi bí ẹ ṣe kọ́ wa lọ́jọ́sí. Ìgbà wo ni kí n ṣí i padà? (Màmá Ọlọ́gbà)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ ṣé tí ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má tẹ̀lé kàlẹ́ńdà, òru ni kí ẹ máa wò. Ọ̀sán lè móoru kí òru ṣì máa mú yìnyín wá. Bí òru bá ti fi bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kọ̀ tí kò sún mọ́ òdo, ẹ ti ẹ̀rọ ìta, kí ẹ rí i pé ìdérí kékeré inú ilé le dáadáa, kí ẹ wá ṣí fáàfù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má yí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dáwọ́ dúró lágbede méjì, kí ẹ tẹ́ etí sí ògiri. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń ṣe ṣìì-ṣìì tí kò sì dákẹ́, ẹ tì í padà, kí ẹ pe púlọ́mbà kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni mìíràn. Bí ó bá dákẹ́, ẹ jáde lọ ṣí ẹ̀rọ. Á kọ́kọ́ tú atẹ́gùn, á wúkọ́, á tutọ́ omi dúdú díẹ̀, lẹ́yìn náà á mọ́. Kí ẹ tó gbé họ́ọ̀sì síta, ẹ fi ìka dí ẹnu ẹ̀rọ náà díẹ̀, kí ẹ sì ní kí ọmọ kan máa wo ara ògiri nínú ilé. Bí omi bá lè kọjú ìka yín láì jò sínú, ẹ lè lọ bá òdòdó yín.